Omi Tí Wọ́n Dà Sọ́nà fún Zornitsa

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Bulgaria ń ṣílẹ̀kùn, ni mo kọ́kọ́ pàdé Zornitsa Kehayova, lórí àtẹ̀gùn ilé ìgbé àwa akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Plovdiv. Àpò pòtétò kan ló mú wa pàdé. Bàbá rẹ̀ ló rù ú wá láti Borovina, abúlé wọn lórí òkè Rodopi, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ebi máa ń pa ọmọ ní ìlú ńlá. Bí wọ́n ṣe gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, ìdí àpò já, pòtétò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀. Àwọn òbí tó ń gòkè bọ̀ ń fò sí ọ̀tún, wọ́n ń fò sí òsì. Bàbá náà ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá! Èyí tó rí róbótó ti gba iwájú. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn ò lè bá a láé!"

Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Dìde, ìwọ onísọkúsọ, kí o bá mi ṣà á. Oúnjẹ oṣù kan lò ń fi ṣeré ìje yẹn."

Èmi náà bá wọn ṣà á, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Mo bẹ òǹkàwé pé kí ó jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn dúró sí ọkàn rẹ̀, nítorí òun ni mo padà wá ń wá kiri nígbà tó yá.

Yàrá kan náà ni wọ́n fi wá sí. Orúkọ tèmi ni Nevena. Èmi kò burú nínú ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá burú kò lè dé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tèmi jẹ́ ti ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ti Zornitsa dà bí ti ẹni tí wọ́n bí sórí òkè. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ wọlé, Ọ̀gá Hristozov, olùkọ́ ìṣirò wa, kọ ìbéèrè kan sójú pátákó, ó sì sọ fún wa pé títí Kérésìmesì ni a ó fi máa rò ó. Zornitsa na ọwọ́ sókè kí agogo tó lù. Ọ̀gá wo ọ̀nà tó gbà yanjú rẹ̀, ó gbé ẹfun sílẹ̀, ó sì jókòó.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Ìbéèrè náà ló ń fà mí lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá ti ń pè é ní "Idì mi". Kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi ní orúkọ tí wọ́n fún un. Kamen, ọmọ kíláàsì wa tó máa ń ṣe ipò kejì, ń pè é ní Ẹ̀rọ Ìṣirò. Bó bá ti rí i lọ́nà, yóò kígbe pé, "Ẹ yà fún un o! Ẹ má fọwọ́ kàn án, bátìrì ẹ̀ á kú!" Ní Borovina, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri ilé ìkàwé abúlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kú sójú ogun. Ìyá rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilẹ̀ Spain, máa ń ké sí i ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìbéèrè kan náà ni yóò kọ́kọ́ bi í: "Mẹ́fà ni àbí?" Mẹ́fà ni máàkì tó ga jù lọ lọ́dọ̀ wa. Zornitsa á ní, "Mẹ́fà ni, Màámi." Ọ̀rọ̀ yòókù kì í gùn.

Ní kíláàsì kẹwàá ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í le. Lọ́dún yẹn, Zornitsa ti la gbogbo ìdíje kọjá títí ó fi ku ẹyọ kan: ìdánwò àṣàyàn ti oṣù Kẹrin, tí wọ́n fi ń yan àwọn ọmọ tí yóò gbé orúkọ orílẹ̀-èdè lọ sí ìdíje àgbáyé. Ó ti pẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ní ọmọ kankan nínú ẹgbẹ́ náà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Zornitsa ni yóò mú un padà wá. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Zornitsa fúnra rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú mi, bí ọṣẹ nínú omi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ti oúnjẹ. Àǹtí Velika, tó ń mójú tó ilé ìgbé wa tó sì ń bu oúnjẹ fún wa, rí i pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kan ó gbé bánítsà, àkàrà oníyẹ̀fun tó gbóná, tí wàràkàṣì ń yọ́ lára rẹ̀, síwájú rẹ̀. Zornitsa fi ọwọ́ já etí rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ wómúwómú.

Àǹtí Velika ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé eku ni ẹ́ ni? Àárín rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti yó, Àǹtí."

"Kí ló yó ẹ? Afẹ́fẹ́ àbí nọ́ńbà? Gbọ́, mo ti fi ọwọ́ mi bọ́ àwọn tó ti di dókítà lónìí. Kò sí èyí tó ti inú ebi di nǹkan kan níbẹ̀."

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Zornitsa náà ya ẹnu, ṣùgbọ́n kò sí ohùn nínú ẹ̀rín náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo rí irun òkè ojú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tín-ín-rín, títí apá òsì fi dán bí àwo. Mo ti ń rò pé oge ló ń ṣe, títí mo fi rí i níbi tó ti ń ka ìwé: ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sókè fúnra rẹ̀, ó já ẹyọ kan, ó gbé e sórí ìwé, ó tún padà lọ.

Mo ní, "Zornitsa, kí lò ń ṣe sí ojú ẹ?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é."

"Ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?"

"Mo máa ń dùbúlẹ̀."

"Ẹni tó dùbúlẹ̀ kọ́ ló sùn."

Ó ní, "Nevena, nígbà tí mo wà ní kékeré, ìṣirò máa ń bá mi ṣeré ni. Á fara pamọ́, màá wá a kàn, inú wa á dùn. Ní báyìí ó ń lé mi. Bí mo bá jókòó síwájú ìbéèrè, àyà mi á máa lù kìkì bí ẹni tí ajá ń lé. Bí ọjọ́ kan bá dé tí mi ò mọ̀ ọ́n mọ́, ta ni mo máa jẹ́? Ta ló máa bá mi jókòó?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ò gbé àwòrán mi kọ́ sára ògiri."

Mo ní kí a lọ rí olùgbani-nímọ̀ràn. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ẹyọ kan, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ojú gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá. Nítorí náà kò sí ẹni tó ń lọ. Àwọn ọmọ máa ń wí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn ti dàrú sí. Ìdààmú bá Zornitsa. Ó bu búrẹ́dì, ó ki í bọ iyọ̀, ó sì mú kí n jẹ ẹ́, kí n sì búra pé n kò ní sọ ohun tí mo rí fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì àti iyọ̀ lé orí ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ dà á.

Mo gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn ìbúra náà kọjá. Mo tọ Ọ̀gá Hristozov lọ, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ó ń rẹ Zornitsa."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra àsálà fún Zornitsa, nítorí wọ́n ní ó dára fún ọpọlọ. Ó ní, "Ta ni kò rẹ̀, ọmọ mi? Ó rẹ èmi náà. Ìdánwò ló kù o. Bó bá ti ṣe é tán, gbogbo wa á sùn bí òkú."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dẹ́rù bà mí.

Oṣù Kẹrin dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni gbogbo wa máa ń so òwú pupa àti funfun mọ́ ọwọ́. Ẹni tó bá rí ẹyẹ àkọ̀ tàbí igi tó yọ òdòdó ni yóò tú tirẹ̀, tí yóò sì so ó mọ́ ẹ̀ka igi. Àwọn àkọ̀ ti dé, wọ́n ti ń tún ìtẹ́ wọn ṣe lórí òpó iná tó kọjú sí fèrèsé wa gan-an. Gbogbo wa ti tú òwú wa. Ti Zornitsa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dọ̀tí, nítorí kò gbé ojú sókè rí láti wo ìta.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò ṣí ìwé kankan, ó ń wo ògiri. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dáhùn. Nígbà tó dáhùn, ó ní, "Ó wù mí kí n ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́la, kí ẹsẹ̀ mi kàn ṣẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá a wí." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ti rò ó dáadáa.

Mo jáde síta, mo ké sí bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Iyọ̀ ìbúra náà ń ta mí lẹ́nu. N kò sọ ti irun, n kò sọ ti àìsùn. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá lọ́la kí ó tó lọ. Zornitsa nílò yín."

Ó ní, "Ó nílò mi?" Ayọ̀ kún ohùn rẹ̀. "Ó ti yé mi, ọmọ mi. Ó ti yé mi pátápátá. Má ṣèyọnu."

Kò yé e.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé àṣà kan. Bí ẹnìkan bá ń lọ síbi tó le lọ́dọ̀ wa, ará ilé rẹ̀ yóò da omi sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ohun gbogbo lè máa ṣàn fún un bí omi. Ẹni náà yóò tẹ omi náà kọjá, yóò sì máa lọ. Kò gbọ́dọ̀ padà. Ẹni tó bá padà tẹ omi náà wọlé ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tú oríire rẹ̀ ká. Àwọn tó tilẹ̀ ń sọ pé àwọn kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ kì í dán an wò.

Ní òwúrọ̀, nígbà tí a ṣílẹ̀kùn yàrá, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún ọmọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ife tàbí ìgò omi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ṣètò rẹ̀. Ìfẹ́ ló kó wọn jọ. Kamen pàápàá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ife tíì kan, ó ní, "Ẹ̀rọ Ìṣirò, lónìí a kì í ṣe ọ̀tá. Lọ bá mi lù wọ́n." Wọ́n ń da omi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Zornitsa ń rìn láàárín wọn bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Bàtà rẹ̀ rin gbingbin. Mo tẹ̀ lé e, mo di àpò rẹ̀ mú, ojú mi sì wà lára àtẹ̀gùn nítorí ohun tó sọ lálẹ́ àná.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láìṣubú. Mo mí kanlẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ńlá ni bàbá rẹ̀ dúró sí. Ó ti wọ kóòtù tó fi ṣe ìgbéyàwó. Ọkọ̀ gẹdú tó ń wà ló gbé e wá láti òkè, lójú ọ̀nà tó ń lọ́ bí ejò. Ó di ìkòkò bàbà ìyá rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, omi ìsun Borovina ló wà nínú rẹ̀, òdòdó kan sì léfòó lórí rẹ̀. Ohun tó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi nìyẹn: pé omi ilé ni ọmọ rẹ̀ nílò. Àǹtí Velika dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi eteetí aṣọ nu ojú. Ní ìta, Ọ̀gá Hristozov ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń dún.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, mo gbé e sórí itan wá ni. Wákàtí mẹ́ta, ẹ̀kán ò ta sílẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi Mitko ló bá mi wa ọkọ̀, ó ní mo ń gbé e bí ọmọ tuntun." Ó sì da omi náà sí orí òkúta ẹnu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀, títí dé orí òdòdó. "Kí ó máa ṣàn, kí ó máa ṣàn fún ẹ!"

Zornitsa wo omi náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kọjá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ó gbé ìkejì. Ọ̀gá ti na ọwọ́ láti gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ó dúró.

Gbogbo wa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì rìn tààrà bọ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ àárín omi náà, ó dúró síbẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

Ẹnìkan ké lẹ́yìn mi pé, "Yéè!" Ojú bàbá rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Ìkòkò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdojúdé, ó ń kán tó, tó.

Zornitsa ní, "Bàbá, mi ò lè lọ."

"O gbàgbé nǹkan ni? Ẹ bá a mú un, ẹ sáré—"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mi ò lè lọ ni. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé mo ti padà. Mo mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá Hristozov súnmọ́ wọn. "Idì mi, ẹ̀rù lásán ni. Gbogbo ẹni ńlá ló ń bà. Wọlé sínú ọkọ̀, kí a tó dé ibẹ̀, ẹ̀rù náà á ti rọ̀." Ó yíjú sí bàbá: "Sà, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bí a kò bá lọ báyìí, ọdún kan ti lọ. Ẹ ò mọ ohun tó ń sọ nù."

Bàbá náà ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilé tó ti pẹ́ tó ti dé gbẹ̀yìn. Ó fi àtàǹpàkò kan tí iṣẹ́ gẹdú ti mú le kan ibi tí irun òkè ojú rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀ rí.

Ó ní, "Ta ló ṣe ẹ́ báyìí?"

"Èmi náà ni."

"Láti ìgbà wo?"

Ó gbé èjìká sókè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ti ọmọdé, kò ní ohùn. Bàbá rẹ̀ gbé ìkòkò náà lé ilẹ̀. Ó wo omi, ó wo gbogbo àwa tó dúró. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí ohun tí gbogbo wa ń rò ni. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ gbé bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ sínú omi náà, ó dúró tì í níbẹ̀, ó sì fi kóòtù rẹ̀ bò ó.

"Ó tán," ló wí. "A ti jọ tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ibi ni, kó pín sí méjì."

Ọ̀gá ní, "Sà, ọkọ̀..."

"Ẹ máa lọ, Ọ̀gá. Ẹ ṣeun fún gbogbo àsálà yẹn. Ẹ máa lọ."

Àǹtí Velika pàtẹ́wọ́ lé wa lórí, ó ní, "Ẹ̀yin òpè, kí lẹ̀ ń wò? Ẹ lọ mú àkísà kí ẹ nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi! Ẹ ti sọ ilé mi di odò. Ìwọ Kamen, ìwọ ni kí o bẹ̀rẹ̀." Ó sì kó bàbá àti ọmọ wọ ilé ìdáná.

Ọ̀gá Hristozov dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kó tó pa ẹ́ńjìnnì. Kò bá wa wí. Ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni ní idì mọ́.

N kò fẹ́ parọ́ pé ohun gbogbo dára lọ́jọ́ kejì. Zornitsa sun ọjọ́ púpọ̀ ní Borovina. Dókítà kan rí i. Ní abúlé, àwọn kan ń wí pé omi ló bá a jà. Bàbá rẹ̀ dá wọn lóhùn pé òun tẹ omi náà pẹ̀lú, kí wọ́n wá wo òun bóyá òun ti gbẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ já àwòrán náà kúrò lára ògiri, ó ní ọmọ òun kò tíì kú. Nígbà tí Zornitsa padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó gba ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù kọjá lọ sọ́dọ̀ olùgbani-nímọ̀ràn lẹ́yìn gbọ̀ngàn ní gbogbo Ọjọ́rú. Èmi ni mo ń bá a gbé àpò rẹ̀. Kamen kígbe lẹ́ẹ̀kan pé, "Ẹ̀rọ Ìṣirò ń lọ ṣàtúnṣe!" Zornitsa yíjú sí i, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wá wo ibẹ̀, wọ́n ń tún tìrẹ náà ṣe." Lẹ́yìn oṣù kan, Kamen fúnra rẹ̀ bi mí, jẹ́jẹ́, bóyá obìnrin náà máa ń pariwo mọ́ ènìyàn.

Zornitsa kò dé inú ẹgbẹ́ àṣàyàn. Ó gba márùn-ún rí, ó sì gba mẹ́rin rí, ó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ìyá rẹ̀ sì bi í pé, "Kí lo jẹ lónìí?" Lẹ́yìn ọdún méjì, a jọ parí ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù Karùn-ún yìí. Irun òkè ojú rẹ̀ ti hù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti apá òsì kò kún tó ti ọ̀tún. Ní ọjọ́ tí a ń kó ẹrù, ìdí àpò ìwé rẹ̀ já lórí àtẹ̀gùn, ìwé ìṣirò sì ń fò lọ sísàlẹ̀. Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Èmi ń dúró, mo ń tẹ́tí.

Ó ní, "Nevena, èyí tó tóbi jù ló ń gba iwájú." Ó sì rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ohùn.

Ìwọ tó ka ọ̀rọ̀ yìí, bí ọmọ tó mọ̀wé bá wà nílé rẹ tàbí nínú kíláàsì rẹ, mo bẹ̀ ọ́: kí o tó bi í nípa máàkì lónìí, bi í bóyá ó sùn, kí o sì dúró gbọ́ ohun tó máa sọ.